Ẹ̀gbà Tí Kì Í Pọ́n

Ìbídùn ti fi ẹsẹ̀ yí ẹ̀rọ débi pé òógùn rẹ̀ ń kán sórí ìwé, ṣùgbọ́n kò lè dúró. Nínú ìwé náà, ìyàwó Sàlámì oní-pákó ti tún gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Òjò ń rọ̀. Obìnrin náà gbé àtùpà, ó ṣílẹ̀kùn, kò rí ẹnì kankan. Ó wá fi àtùpà náà tan ilẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tútù wà lórí símẹ́ńtì, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka márààrún. Ẹsẹ̀ náà kò kọjú síta. Inú ilé ló kọjú sí.

"Yéè, mo gbé!" ni Ìbídùn wí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, tó tutù ní àwọ̀ ewé nígbà tó jí, ti pọ́n bí ìyeyè. Lókè ògiri, Alájọgbé, ẹ̀rọ tí Ọ́fíìsì Ìfọ̀kànbalẹ̀ fi ń ṣọ́ ẹ̀gbà gbogbo èèyàn, la ojú rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyáàfin Ìbídùn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. "Ọkàn yín ń sáré. Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ ni!"

Alájọgbé wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń yí bíi ti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà. Ó wo ẹ̀gẹ́ rírin tó ń dà sínú agbada lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n kọ *Ìtọ́jú Ẹ̀gẹ́ Lóko* sí lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí, ó sì pa ojú rẹ̀ dé.

Bí wọ́n ṣe ń kàwé ní ilé gàrí Òkè-Ìrọ̀rùn nìyẹn. Ẹ̀yìn ìwé náà lẹ̀gẹ́ wà, kò sí ẹ̀gẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ìwé ìfura ni, ìtàn nípa ẹni tó pa Sàlámì, ìwé tí wọ́n ti fi òfin dè kí wọ́n tó bí Gbọ́lágadé tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó sì ti kọjá lọ́wọ́ púpọ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn. Kí á má purọ́ mọ́ Alájọgbé, òun náà mọ ìtàn sọ. Àmọ́ nínú ìtàn tirẹ̀, bí ìjàpá bá gun igi, jẹ́jẹ́ ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Bí ọdẹ bá pàdé ẹkùn, ẹkùn á ti yó, oorun á ti gbé e lọ. Bí àyà olùgbọ́ bá fẹ́ já báyìí, Alájọgbé á ti gbé oúnjẹ wọ inú ìtàn, gbogbo wọn á jókòó, wọ́n á jẹun, ìtàn parí. Ta ló fẹ́ gbọ́ irú ìyẹn títí tó fi máa kú?

Ẹni tó bá rò pé eré ni, kó lọ wo Ìyá Wúrà olówùú. Ẹ̀gbà rẹ̀ ló pupa, tí kò rí iṣẹ́ tọ́ka sí, ni wọ́n bá mú un lọ sí Ilé Ìtura. Nígbà tó dé, ó sanra, ara rẹ̀ ń dán. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó jókòó sí ẹ̀bá sàréè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bi àwọn èrò bóyá wọ́n ti jẹun. Ìbídùn wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó bà á lẹ́rù tó Ilé Ìtura, kì báà ṣe ikú pàápàá.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, àwọn mẹ́rin tó ń ka ìwé náà jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o. Iṣẹ́ bíbó kì í mú ọkàn sáré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Bí ọ̀rọ̀ ìwé bá ti gbóná, tí ẹ̀gbà ẹnì kan fẹ́ máa pọ́n, onítọ̀hún á fò sókè, á gun ẹ̀rọ, á máa yí i. Ariwo ẹ̀rọ kì í sì í jẹ́ kí Alájọgbé gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àfi kí èèyàn pariwo sí i.

Tíṣà Olúgbòdé ni àgbà wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìbéèrè. Òun ló ya abala ìkẹyìn ìwé náà, tó rán an mọ́ inú fìlà rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rí i títí gbogbo wọn yóò fi dárúkọ ẹni tí wọ́n fura sí. Àṣà kan sì wà tí wọn kì í fi ṣeré: o lè ṣìnà níbi ìfura, ṣùgbọ́n o kò gbọdọ̀ purọ́. Ẹni tó bá wà lọ́kàn rẹ gan-an ni o máa dárúkọ.

"Ó yá," ni Tíṣà wí. "Ta lẹ fura sí?"

"Dírẹ́bà ni," ni Gbọ́lágadé dáhùn kíá. "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ọ̀gá, kí ni kò ní jẹ́ kó ní kọ́kọ́rọ́ ilé?"

"Ọmọdé ń ṣe ẹ́," ni Tíṣà wí. "Àbúrò Sàlámì ni. Ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń sunkún níbi òkú ni? Ó sunkún ju opó lọ. Èmi ò fọkàn tán ẹkún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

"Tíṣà, tí èèyàn ò bá sunkún, ẹ ó ní òun ló pa á. Tó bá tún sunkún, òun náà ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà kọjú sí Ìbídùn. Ìbídùn ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ láàárọ̀ ni, kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ lọ́kàn òun títí dọ̀la. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn," ni ó wí. "Ẹsẹ̀ tútù tó kọjú sínú ilé yẹn, ṣé kò pa ẹ̀yin lára?"

"Ẹ má dá a sílẹ̀, màmá!" Ẹ̀gbà Gbọ́lágadé ti pọ́n. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fò gun ẹ̀rọ. Tíṣà náà dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ̀kẹ̀, ó gun èkejì. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè nígbà tó rí ohun tó dá a dúró.

Mojírayọ̀, ẹnì kẹrin wọn, ṣì jókòó. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ, èèpo náà gùn, kò já. Ewé ni ẹ̀gbà rẹ̀, ewé tútù.

"Ibẹ̀ dẹ́rù bà mí púpọ̀, Àǹtí," ni Mojírayọ̀ wí. "Mo tún un kà títí."

Ìbídùn gun ẹ̀rọ tirẹ̀, ó ń yí i, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lórí ẹsẹ̀ tútù mọ́. Ó ń rántí. Láti ìgbà tí Mojírayọ̀ ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ǹjẹ́ ó ti rí i kó fò gun ẹ̀rọ rí? Kò rí i rí. Gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé àwọn amí Ọ́fíìsì Ìfọ̀kànbalẹ̀ ní oògùn kan tí wọ́n ń mu kí ẹ̀gbà wọn má baà tú àṣírí wọn. Ọ̀rọ̀ mìíràn wá yọjú láti ẹ̀yìn ọkàn rẹ̀. Odò-Ẹran ni Mojírayọ̀ ti wá. Ní Odò-Ẹran, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń kàwé bí àwọn náà ṣe ń kà á, wọ́n sì kó gbogbo wọn. Báwo ni ó ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn?

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Ìbídùn lọ pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Kò tíì dé ibẹ̀ tó fi rí Mojírayọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun Ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Amúsàn ni, òṣìṣẹ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Òkè-Ìrọ̀rùn. Mojírayọ̀ na ọwọ́ sí ọ̀nà kan, ó ń ṣàlàyé, ọkùnrin náà ń mi orí. Ìbídùn fẹ̀yìn rìn padà pẹ̀lú korobá òfìfo lọ́wọ́. Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, kò mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Ó fa Tíṣà àti Gbọ́lágadé sẹ́yìn àpò gàrí, ó rò ó fún wọn.

"Àǹtí Mojírayọ̀ kẹ̀?" ni Gbọ́lágadé wí. "Ẹni tó ń fi ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ ta mí lọ́rẹ?"

"Ṣé ẹni tó fẹ́ mú adìyẹ kì í fọ́n àgbàdo fún un ni?"

"Ìfura loògùn àgbà," ni Tíṣà wí, ohùn rẹ̀ kò sì dùn. "Lọ́la, ká ní kó máa lọ. Ká má bá a jà. Ìbídùn, gbé ìwé náà lọ sílé rẹ, kò mọ ibẹ̀ dáadáa."

Bí ìwé náà ṣe dé abẹ́ ìrọ̀rí Ìbídùn nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àga, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́. Ó ń rí ọwọ́ Mojírayọ̀ tó nà sí ọ̀nà. Ó ń rí Ìyá Wúrà tó ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀bá sàréè. Bí ẹnì kan bá kọjá lójú títì, àyà rẹ̀ á já, á ní wọ́n ti dé.

"Ìyáàfin Ìbídùn," ni Alájọgbé ilé rẹ̀ wí. "Ọkàn yín ń sáré. Kí ló dé?"

Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tilẹ̀ rò ó.

"Iṣẹ́ ni!"

Ojú Alájọgbé wo àga, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò mì, ó wo abọ́ oúnjẹ.

"Iṣẹ́ wo, Ìyáàfin Ìbídùn?"

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbídùn kúrò ní ìyeyè, ó di pupa.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Alájọgbé wí. "Wọ́n á wá wò yín lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Ní ìgbà kan, ìjàpá gun igi, ó sì sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Ìbídùn ti di ìwé náà sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, ó ti gbé e dé ilé gàrí. Ilé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ tú, ohun tó rò nìyẹn. Ó fẹ́ kí Tíṣà wá ibòmíràn fi pamọ́ sí. Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ọ̀gbẹ́ni Amúsàn fi wọlé.

Gbogbo wọn fò gun ẹ̀rọ, àfi Mojírayọ̀. Ìyẹn jókòó ti ẹ̀gẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ìbídùn wò ó, ó ń wò ó bí ẹni máa fi ojú gún un. O ti mú wọn wá, ni ó ń sọ nínú ara rẹ̀. O ti tà wá.

Amúsàn wo inú ilé yíká, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára Mojírayọ̀.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé ìwọ kọ́ ni mo bi léèrè ọ̀nà ilé gàrí lánàá tí mo fẹ́ ra gàrí, tó o júwe ìsàlẹ̀ odò fún mi? Mo rìn títí mo fi já sí oko olóko. Ajá lé mi!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá," ni Mojírayọ̀ wí. "Èmi náà kì í ṣe ọmọ ìlú yìí. Ọ̀nà ibẹ̀ máa ń dà rú mọ́ mi lójú."

Ẹsẹ̀ Ìbídùn dúró lórí ẹ̀rọ. Gbọ́lágadé wò ó, Tíṣà wò ó.

"Ta ni ń jẹ́ Ìbídùn?" ni Amúsàn bèèrè. "Lórí àga ni ẹ̀gbà yín ti pupa lánàá, Ìyá. Ẹ ní iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ kí ni wọ́n ń ṣe lórí àga?"

Kò sí ẹni tó tà wọ́n. Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló pe ọkùnrin yìí wá, ìfura rẹ̀ ló fi pè é. Ìtìjú mú un débi pé kò rántí fi ojú pamọ́ nígbà tó wo apẹ̀rẹ̀. Amúsàn tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀gẹ́, ó fa ìwé jáde, ó ṣí i.

"*Ìtọ́jú Ẹ̀gẹ́ Lóko*," ni ó wí. "Kí ni òkú ọkùnrin ń wá nínú ìtọ́jú ẹ̀gẹ́?" Ó pa ìwé dé. "Òfin ní kí á dán an wò ká tó dájọ́. Ìyá, ẹ jókòó kẹ́ ẹ kà á sókè. Bí ẹ̀gbà yín bá pọ́n, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ilé yìí lẹ máa bá mi lọ sí Ilé Ìtura."

Bí Ìbídùn bá sọ̀ kalẹ̀ báyìí, kó tó ka ọ̀rọ̀ kan, ẹ̀gbà rẹ̀ á ti pupa. Tíṣà ti di ojú.

"Ọ̀gá," ni Mojírayọ̀ wí. "Àǹtí wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbà ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kì í jẹ́rìí, òfin náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jókòó. Ẹ jẹ́ n kà á fún yín."

Amúsàn rò ó. Ó wo ẹ̀gbà rẹ̀, ewé ni. Ó na ìwé sí i.

Mojírayọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, ó ṣí ibi tó wù ú. Ìbídùn mọ ibẹ̀ kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: òjò ń rọ̀, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn. Mojírayọ̀ mọ̀wé kà. Kò sáré, kò fa ohùn, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń júwe ilé ara rẹ̀. Obìnrin náà gbé àtùpà. Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn mẹ́ta tó kù ń yí ẹ̀rọ kíkankíkan, ẹ̀gbà wọn pọ́n yòò, Alájọgbé la ojú, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin náà fi àtùpà tan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tútù. Inú ilé ló kọjú sí.

Ewé ni ẹ̀gbà Mojírayọ̀.

Amúsàn fa ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ṣùgbọ́n Gbọ́lágadé ti rí i: ìyeyè ti yọ lábẹ́ aṣọ funfun náà.

"Ó tó," ni Amúsàn wí. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Kò... kò sí ìpalára nínú ìwé yìí." Ó ń nu iwájú orí. "Ooru ìlú yín mú púpọ̀ ni."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Ta ló pa á ná?"

"A ò tíì mọ̀, ọ̀gá," ni Tíṣà dáhùn. "Abala ìkẹyìn ti ya."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó fẹ́ jáde, ó bojú wo ilẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ wà lórí símẹ́ńtì, ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, tútù, ó kọjú sínú ilé. Ó fò ó dá, ó sì sáré jáde.

Gbọ́lágadé rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lórí ẹ̀rọ. Mojírayọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó da ìwé délẹ̀ sórí itan rẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ báyìí," ni ó wí. "Gbogbo àwa tá à ń kàwé ní Odò-Ẹran ni wọ́n kó. Èmi náà wà níbẹ̀. Wọn ò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí mo ti Ilé Ìtura dé, ìyá mi kú, ewé ni. Ọkọ mi kó jáde nílé, ewé ni. Mo wá síbí nítorí mo gbọ́ pé ẹ ní ìwé tó ń já àyà. Mo ń tún un kà, mo ń tún un kà, bóyá ó máa já tèmi lọ́jọ́ kan. Mo ń sọ fún yín pé ẹ̀rù ń bà mí kí ẹ má baà lé mi."

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó tì í, kò wo ojú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ tú okùn rẹ̀, ó yọ abala ìkẹyìn tó ti gba òógùn orí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká parí ohun tá a bẹ̀rẹ̀," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Mojírayọ̀?"

"Ìyàwó ni mo fura sí," ni ó wí. "Ẹni tó bá lè tẹ̀ lé irú ẹsẹ̀ yẹn wọnú ilé láìkígbe, ọkàn rẹ̀ ti kú tipẹ́."

"Ó ku Ìbídùn. Ta lo fura sí?"

Gbọ́lágadé ń mi orí sí i láti ẹ̀yìn Mojírayọ̀. Ìbídùn rí i. Ó lè dárúkọ dírẹ́bà. Ó lè dárúkọ àbúrò Sàlámì, kó sì parí síbẹ̀, kí wọ́n jọ ka abala ìkẹyìn, kí ọ̀rẹ́ wọn wà bó ṣe wà. Ó wo obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ Ilé Ìtura. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ni èèyàn ń purọ́ fún.

"Ìwọ ni, Mojírayọ̀," ni ó wí. "Láti àná, ìwọ ni mo fura sí. Mo ní amí ni ọ́. Òní la fẹ́ lé ọ lọ, èmi ni mo dá a lábàá. Gbogbo ẹran tó o fi ta wá lọ́rẹ, mo ní àgbàdo adìyẹ ni."

Mojírayọ̀ wò ó. Ó wo Tíṣà, Tíṣà tẹ orí ba. Ó wo Gbọ́lágadé, ìyẹn wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Gbogbo yín?" ni ó wí.

Ètè rẹ̀ mì. Kò sẹ́ni tó tíì rí i kí ètè rẹ̀ mì rí. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nu ojú, ibẹ̀ ló ti rí i: lábẹ́ ewé náà, ní etí ẹ̀gbà, ìyeyè kan ń yọ bọ̀. Ó ń tàn ká, ó ń tàn ká, títí ẹ̀gbà náà fi pọ́n yíká ọwọ́ rẹ̀.

Lókè ògiri, Alájọgbé la ojú.

"Ẹ kú àárọ̀, Mojírayọ̀. Ọkàn yín ń sáré. Kí ló dé?"

Ìbídùn bọ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tirẹ̀, ó yàgò fún un. Mojírayọ̀ ká ìró rẹ̀ sókè, ó gun ẹ̀rọ náà, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n yí. Ó ń yí i, ó ń sunkún gidi, omijé ń kán sínú ẹ̀gẹ́.

"Iṣẹ́ ni," ni ó wí.